Ìran Ni Ká Wò Ká Tó Ra Kóró Elégédé

Agolo elégédé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe páì lọ́jọ́ Àjọ̀dún Ìdúpẹ́ kì í ṣe inú elégédé ràbàtà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń gbẹ́ ojú àti eyín sí lára ló ti wá. Ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Dickinson ni ilé-iṣẹ́ Libby's ń lò, oko rẹ̀ sì wà káàkiri agbègbè ìlú Morton, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Dickinson gùn díẹ̀, ara rẹ̀ dán, ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹni tó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ elégédé tí wọ́n ń pè ní butternut yóò rí i pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Elégédé tí wọ́n ń gbé síwájú ilé lóṣù Kẹwàá ńkọ́? Omi ló kún inú rẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ pọ̀, adùn rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Howden, tí àgbẹ̀ kan ní Massachusetts, John Howden, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa kóró rẹ̀. Ìrísí àti ọrùn tó nípọn, tó ṣeé dì mú, ni wọ́n ń wá lára rẹ̀. Ti ẹnu kọ́.

Bẹ́ẹ̀, àwòrán ara pákẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dá ọgbà ẹ̀yìnkùlé fi ń yan kóró. Ó pọ́n dáadáa, ó tóbi, wọ́n á sanwó. Tó bá di oṣù Kẹjọ, ìtàkùn á ṣàdédé rọ. Tó bá di oṣù Kejìlá, ìwọ̀nba tó so á ti jẹrà nínú yàrá. Wọ́n á wá ní elégédé kò gba ọwọ́ àwọn. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ wọn. Ìran tí wọ́n rà ni kò bá ilẹ̀ wọn mu, tàbí tí kò bá ojú ọjọ́ wọn mu, tàbí tí kò bá ìgbà tí wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ mu.

Ìran mẹ́ta ló kún ọgbà kárí ayé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún wọn ni Cucurbita pepo, Cucurbita maxima àti Cucurbita moschata. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Òyìnbó tó gbé wọn káyé lẹ́yìn 1492. Pepo ló pẹ́ jù lọ́wọ́ ènìyàn. Ní 1997, Bruce Smith ti Smithsonian fi hàn pé kóró pepo tí wọ́n wú jáde nínú ihò àpáta Guilá Naquitz, ní Oaxaca ní Mexico, ti tó nǹkan bí ọdún 10,000, àti pé kóró ohun tí wọ́n gbìn ni, kì í ṣe ti igbó. Maxima wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, lápá ibi tí Argentina àti Bolivia wà lónìí, ó sì lè fara da ojú ọjọ́ tútù díẹ̀. Moschata jẹ́ ọmọ ilẹ̀ olóoru, ooru àti ọ̀rinrin kì í sì í dẹ́rù bà á.

Ọrùn èso, ibi tó fi so mọ́ ìtàkùn, ló yá jù láti fi dá wọn mọ̀. Ti pepo le, ó ní igun márùn-ún, ó sì máa ń ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́. Ti maxima rí roboto, ó wú, ó sì rọ̀ díẹ̀ bíi kọ́ọ̀kì ìgò. Èékánná lè wọ ọ́. Ti moschata le, ó dán, ó ní igun, ṣùgbọ́n ibi tó ti pàdé èso máa ń fẹ̀ jáde bí ìdí àwo. Ewé náà ń sọ̀rọ̀. Ti pepo máa ń họ ọwọ́ ẹni tó bá ń túlẹ̀ láàárín rẹ̀, ti maxima fẹ̀ roboto, ti moschata sì rọ̀ lọ́wọ́, ó sábà máa ń ní tótòtó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àmì wọ̀nyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á sí i létí lọ́jà mọ́.

Nínú pepo ni a ti rí acorn, delicata, spaghetti squash, elégédé páì kékeré tí wọ́n ń pè ní Small Sugar, àti Howden fúnra rẹ̀. Zucchini tí wọ́n ń jẹ ní tútù náà, pepo ni. Ohun tó mú pepo dára ni pé ó yá. Acorn máa ń pọ́n láàárín ọjọ́ 80 sí 90, delicata ní bí ọjọ́ 100. Ohun tó mú un le ni pé kì í pẹ́ nílé: acorn kì í ju oṣù méjì lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í di fọ́nrán gbígbẹ. Iowa Seed Company ni ó gbé Table Queen, acorn tó gbajúmọ̀ jù, jáde ní 1913, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà fún ènìyàn méjì: kí wọ́n là á sí méjì, kí wọ́n fi bọ́tà sí ihò inú rẹ̀, kí wọ́n sun ún nínú ààrò.

Ṣùgbọ́n bí àyè ẹ̀yà pepo kan ṣoṣo ló bá wà nínú ọgbà, delicata ló yẹ kó gbà á. Ilé-iṣẹ́ kóró Peter Henderson ní New York ló kọ́kọ́ tà á fún aráàlú ní 1894. Èso rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó funfun rúsúrúsú pẹ̀lú ìlà ewéko lára, awọ rẹ̀ sì tinrin débi pé kò sẹ́ni tó ń bó o. Wọ́n á gé e ní òrùka òrùka, wọ́n á fi òróró àti iyọ̀ pa á lára, wọ́n á sì gbé e sínú ààrò títí etí rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹni tí kò fẹ́ràn à ń bó èèpo elégédé líle pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ń yọ̀ lọ́wọ́ yóò mọ rírì rẹ̀.

Maxima ni ilé àwọn ńlá àti àwọn aládùn. Hubbard ni bàbá wọn ní Amẹ́ríkà. Oníṣòwò kóró kan ní Marblehead, Massachusetts, James J. H. Gregory, ló gbé e jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì fi orúkọ obìnrin àdúgbò rẹ̀ tó mú un mọ èso náà, Elizabeth Hubbard, sọ ọ́. Èèpo Hubbard le débi pé àwọn kan máa ń sọ ọ́ mọ́ ilẹ̀ kí ó tó là. Ó lè wọn kìlógíráàmù márùn-ún, méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè wà nílé fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Èyí kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn méjì. Ìdílé tó pọ̀, tí wọ́n sì ní fírísà tí wọ́n lè kó èyí tí wọ́n sè sí, ni Hubbard wà fún.

Fún ilé kékeré, buttercup àti kabocha ló yẹ. A. F. Yeager ló ṣe buttercup ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ọ̀gbìn ti North Dakota, ní nǹkan bí 1930, níbi tí ìgbà ooru kò ti gùn tí oòrùn kì í sì í pẹ́ kó tó padà sẹ́yìn. Kabocha jẹ́ ti Japan, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí òru gùn jù lọ́dún. Inú àwọn méjèèjì gbẹ, ó dùn, ó sì máa ń fọ́ lẹ́nu bí ànàmọ́ tí wọ́n sun. Ẹni tó fẹ́ràn ọbẹ̀ olómi lè má fẹ́ràn wọn. Ẹni tó fẹ́ràn iṣu yóò fẹ́ràn wọn gidigidi.

Maxima kan náà ló bí èyí tó tóbi jù láyé. Howard Dill, àgbẹ̀ kan ní Windsor, Nova Scotia, ní Kánádà, ló ṣe Atlantic Giant, inú kóró yìí sì ni gbogbo elégédé ìdíje ti ń wá. Ní October 2023, ní Half Moon Bay ní California, Travis Gienger láti Minnesota gbé èyí tó wọn kìlógíráàmù 1,247 wá sórí òṣùwọ̀n, ìyẹn sì jẹ́ èyí tí ayé kò tíì rí irú rẹ̀ nígbà náà. Irú èso bẹ́ẹ̀ lè fi ohun tó ju kìlógíráàmù 15 kún ara lójúmọ́ nígbà tó bá ń yára dàgbà. Ó yani lẹ́nu, kò sì sí àníàní pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbìn ín nítorí ikùn: inú rẹ̀ kò dùn, ìtàkùn kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo ilẹ̀ ọgbà.

Moschata ló kù, ìran tó yẹ kí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ nínú rẹ̀ ni butternut. Ní àwọn ọdún 1940, ọkùnrin kan ní Stow, Massachusetts, Charles Leggett, ń gbin elégédé ọlọ́rùn gígùn tó ń wọ́, tó sì ṣòro láti kó sínú àpótí. Ó ń ṣa kóró títí ó fi ní èyí tí ọrùn rẹ̀ kúrú tó sì nípọn, tí kóró inú rẹ̀ sì wà ní ìdí nìkan. Ó gbé e lọ sí ibùdó ìwádìí oko ní Waltham. Robert Young níbẹ̀ ló wá ṣàtúnṣe sí i títí gbogbo èso fi jọ ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Waltham Butternut, tó gba ẹ̀bùn All-America Selections ní 1970. Nítorí náà ni ọrùn butternut fi jẹ́ ẹran lásán láìní kóró nínú: ẹni tó ń gé e rí ẹran gidi láìsí wàhálà. Ó ń wọn bíi kìlógíráàmù méjì, ó ń pọ́n ní ọjọ́ 105 sí 110, ó sì lè wà nílé fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ọmọ butternut kan wà tó yẹ kí a dárúkọ. Ní 2009, alásè Dan Barber bá Michael Mazourek ti Yunifásítì Cornell sọ̀rọ̀ ní ilé oúnjẹ rẹ̀, ó ní kó ṣe butternut tó kéré sí i, tó sì dùn sí i. Honeynut ló jáde. Kò ju ìdajì kìlógíráàmù lọ púpọ̀, inú rẹ̀ pọ́n wìnìwìnì, ó sì ní ohun kan tí butternut kò ní: ewéko ni àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì tútù, ó sì máa ń di pupa rẹ́súrẹ́sú nígbà tó bá gbó. Ọlọ́gbà kò ní láti máa méfò mọ́ nípa ìgbà tó yẹ kó kórè. Àléébù rẹ̀ ni pé awọ rẹ̀ tinrin, kì í sì í pẹ́ nílé bíi ti Waltham.

Ohun tó mú moschata ṣe pàtàkì jù ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ọ̀tá kan tó ń bẹ níbẹ̀. Àfòpiná ni, ṣùgbọ́n ọ̀sán ló ń fò, ara rẹ̀ pọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní agbọ́n. Láti bí ìparí oṣù Kẹfà ló ti ń yé ẹyin sí ìdí ìtàkùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdin tó bá jáde á gbẹ́ ihò wọlé, á sì máa jẹ ìtàkùn láti inú lọ́hùn-ún. Ọlọ́gbà kò ní rí i. Àmì tó máa rí ni ohun ṣákaṣàka aláwọ̀ ọsàn kan tó ń jáde lẹ́nu ihò kékeré nídìí ìtàkùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé á rọ lọ́sàn-án, á jí lálẹ́, títí ọjọ́ tí kò ní jí mọ́. Ìtàkùn pepo àti maxima ní ihò nínú, ìdin sì máa ń rí àyè dúró sí. Ti moschata dí, ó le, ìdin kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọ inú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbin kabocha tàbí acorn ní agbègbè bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó lásán. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bo ewé mọ́lẹ̀ wúlò, bí wọ́n bá ṣí i nígbà tí òdòdó bá yọ kí oyin lè wọlé. Ó tún dára kí wọ́n bu ilẹ̀ bo oríkèé ìtàkùn níbi tó bá ti ń rà, nítorí yóò ta gbòǹgbò níbẹ̀. Bí ìdin bá pa ìdí, iwájú á ṣì máa yè. Àwọn kan máa ń fi abẹ la ìtàkùn ní gígùn, wọ́n á yọ ìdin náà, wọ́n á sì bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Àwọn àgbẹ̀ ńlá ní ọgbọ́n mìíràn: wọ́n máa ń gbin Blue Hubbard yí oko ká, nítorí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo elégédé yòókù lọ, ibẹ̀ ni wọn yóò sì kọ́kọ́ bà sí. Ẹni tó ní ọgbà kékeré kò ní àyè fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, butternut ni yóò sì bá a gbèjà ara rẹ̀.

Ní Britain, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá. Àfòpiná yẹn kò sí níbẹ̀. Ìgbà ooru tó kúrú àti ìgbín ni wàhálà. Àwọn Yorùbá tó ní ilẹ̀ ọgbà tí wọ́n háyà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní London tàbí Manchester mọ̀ pé ohun tó bá fẹ́ ooru oṣù mẹ́rin gidi máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Ní ìdí èyí, maxima ni ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà níbẹ̀ ń gbìn: Crown Prince tí awọ rẹ̀ rí bí eérú tí inú rẹ̀ sì pọ́n, ti kìlógíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin, àti Uchiki Kuri pupa kékeré tó máa ń yára gbó. Ẹni tó bá ta kú pé butternut lòun fẹ́ lè wá Hunter, ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún ojú ọjọ́ Britain. Kóró gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ìkòkò kékeré nínú ilé láti ìparí oṣù Kẹrin, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jáde síta kí ìrì dídì tó kẹ́yìn tó kọjá, nítorí òru kan ṣoṣo tó tutù jù ti tó láti pa á.

Ní Houston, ní Atlanta, ní Florida, oòrùn kì í ṣe ìṣòro. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú àrùn ewé funfun wá, òun ló sì ń pa pepo. Níbẹ̀ ni Seminole ti ń hàn gẹ́gẹ́ bí akọni. Moschata ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ Florida, àwọn Seminole àti àwọn Miccosukee, ni wọ́n ń gbìn ín láti ọjọ́ pípẹ́. Ìtàkùn rẹ̀ máa ń gun igi, èso á sì máa rọ̀ lára ẹ̀ka. Èso tó gbó dáadáa lè wà nínú yàrá fún ọdún kan.

Yorùbá tó bá gbin Seminole yóò mọ ewé rẹ̀, nítorí ewé náà àti gbọ̀rọ̀ jọ ara wọn. Ní ilé Yorùbá, elégédé kì í ṣe èso nìkan: ọ̀mùnú ìtàkùn rẹ̀, tí wọ́n ń bó awọ ẹlẹ́gùn-ún lára igi ewé rẹ̀ kí wọ́n tó gé e, jẹ́ ẹ̀fọ́ gidi. Moschata rọrùn jù fún irú èyí, nítorí ewé rẹ̀ rọ̀ ju ti pepo lọ. Kìkì pé kí wọ́n má já ọ̀mùnú lórí ìtàkùn tí èso ti fìdí múlẹ̀ sí, nítorí ewé ló ń fi ṣúgà sínú èso. Kí wọ́n gbin ìdí kan fún ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì fi òmíràn sílẹ̀ fún èso. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba náà kò sá fún èso yìí: láàárín àwọn Lukumí, calabaza jẹ́ ti Ọ̀ṣun.

Láti gbìn ín, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná. Bí ilẹ̀ bá kù díẹ̀ kó tó dígírì 15, kóró á rà dípò kó hù. Dígírì 21 ló dára jù. Ajílẹ̀ tó pọ̀, omi tó ń wọlẹ̀ jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, àti àyè: mítà kan àbọ̀ sí méjì láàárín ìdí kan sí èkejì fún èyí tó ń rà, kó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún Hubbard. Àwọn Haudenosaunee, ọmọ onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà, ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo àyè náà tipẹ́. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé pọ̀, tí ewé elégédé á sì bo ilẹ̀ kí èpò má rí oòrùn. Ní ọgbà tó kéré, delicata àti honeynut ṣeé fà sókè sára ọgbà onígi, nítorí èso wọn kò wúwo.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, òdòdó á yọ, ọkàn ọlọ́gbà á sì dàrú nítorí òdòdó yóò máa já láìso. Akọ òdòdó ló kọ́kọ́ máa ń jáde, ó sì máa ń ṣáájú abo fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Abo ló ní èso kékeré kan lẹ́yìn. Akọ dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ lásán. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣí, tí ó sì máa ń padé kó tó di ọ̀sán. Ní Amẹ́ríkà, irú oyin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kìkì elégédé ni. Ó máa ń jáde kí oòrùn tó yọ, àwọn akọ rẹ̀ sì máa ń sùn mọ́nú òdòdó tó ti padé. Bí oyin bá ṣọ̀wọ́n, ọwọ́ ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá akọ àti abo òdòdó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí, tí yóò ṣí lówùúrọ̀, wọ́n á fi òwú so ẹnu wọn. Lówùúrọ̀ kùtù, wọ́n á já akọ, wọ́n á fa ewé òdòdó rẹ̀ ya kúrò, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn á jẹ́ ọ̀pá kékeré tó ní ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú lórí. Wọ́n á tú abo, wọ́n á fi ìyẹ̀fun náà pa ibi tó yọ sókè láàárín inú rẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì tún so ẹnu rẹ̀ padà. Bí ó bá gbà, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni èso kékeré náà á ti wú.

Ìgbà ìkórè ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Brent Loy ti Yunifásítì New Hampshire fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì fi hàn kò dùn mọ́ oníṣòwò nínú. Acorn máa ń tóbi tán, ó máa ń dúdú tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí èso bá dì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ní sítáàṣì tó lè di ṣúgà nínú. Bí ọjọ́ 50 sí 55 láti ìgbà tí èso dì ló gbọ́dọ̀ lò lórí ìtàkùn kí inú rẹ̀ tó dùn. Acorn tí kò ládùn lọ́jà, wọ́n já a kí ó tó gbó ni. Àmì tó ṣeé gbà ni ibi tó fi kan ilẹ̀: bí ó bá ti di àwọ̀ ọsàn gidi, ó ti gbó, bí ó bá ṣì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀. Fún kabocha àti butternut, èékánná tí kò lè wọ awọ àti ọrùn tó ti ń gbẹ ni kí wọ́n wò.

Kí wọ́n fi abẹ gé e, kí wọ́n sì fi ọrùn tó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sílẹ̀ lórí èso. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọrùn náà gbé e. Bí ọrùn bá ti yọ, ojú ọgbẹ́ náà ni àrùn ń gbà wọlé. Ó tún gbọ́dọ̀ kúrò lóko kí ìrì dídì líle tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń gbé butternut, Hubbard àti ọ̀pọ̀ elégédé yòókù sí ibi tó gbóná tó dígírì 27 sí 29, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Awọ á túbọ̀ le, ọgbẹ́ kékeré á sì san. Acorn kò sí nínú èyí. Ooru yẹn ń ba ti ẹ̀ jẹ́, ṣe ni kí wọ́n jẹ ẹ́. Ibi ìpamọ́ tó dára jù ni yàrá gbígbẹ tí kò gbóná ju dígírì 10 sí 13 lọ. Kì í ṣe firíìjì, nítorí ohun tó bá tutù ju dígírì 10 lọ máa ń ba ara rẹ̀ jẹ́ láti inú. Wọn kò gbọ́dọ̀ kó wọn jọ ní òkìtì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí pákó, kó má fara kan èkejì, kí wọ́n sì máa yí wọn wò. Èyí tó bá ní ibi rírọ̀ kan, òun ni kí wọ́n sè lọ́jọ́ náà.

Sùúrù yìí kì í lọ lásán. Kabocha tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n já a máa ń dà bí ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sítáàṣì inú rẹ̀ á ti di ṣúgà. Butternut tí wọ́n já lóṣù Kẹsàn-án kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn. Tó bá di oṣù Kọkànlá, ó dùn, inú rẹ̀ sì tún pọ́n sí i. Delicata àti acorn kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ, kí wọ́n fi butternut àti Hubbard sílẹ̀ de òtútù.

Bí ọlọ́gbà bá fẹ́ pa kóró mọ́, ìran náà ni yóò tún padà wò. Oyin máa ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó láti acorn lọ sórí zucchini, nítorí pepo ni àwọn méjèèjì. Èso ọdún yẹn kò ní yí padà, ṣùgbọ́n kóró inú rẹ̀ yóò bí ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Butternut kan àti kabocha kan nínú ọgbà kan náà kì í ṣe wàhálà, nítorí ìran wọn yàtọ̀. Pepo kan àti pepo míì nínú ọgbà kan náà nílò òwú àti ọwọ́. Tetsukabuto, àdàlù maxima àti moschata tí wọ́n ṣe ní Japan tí Brazil sì ń jẹ lọ́pọ̀ lábẹ́ orúkọ cabotiá, kì í bí akọ òdòdó tó lè ṣiṣẹ́, kò sì ní so bí elégédé míì kò bá sí nítòsí.

Ó tún ní ewu kan. Àdàlù kóró pepo pẹ̀lú elégédé ohun ọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń tò sórí tábìlì nìkan, lè mú èròjà kíkorò kan padà tí elégédé igbó ní. Sísè kì í pa á. Ní Heidenheim, ní Jámánì, ní 2015, bàbá ẹni ọdún 79 kan kú lẹ́yìn tó jẹ zucchini kíkorò tí wọ́n gbìn nílé. Ahọ́n ló ń kọ́kọ́ kìlọ̀. Bí elégédé bá korò, kí wọ́n tu ú, kí wọ́n da ìkòkò náà nù, kí wọ́n sì má fi kóró rẹ̀ pamọ́.

Èso tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe kóró gbọ́dọ̀ ní àmì lọ́rùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ oyin fún un, kí ó sì wà nílé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè kí wọ́n tó là á, nítorí kóró ṣì máa ń kún sí i nínú rẹ̀. Wọ́n á fọ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àwo títí ó fi máa ń ṣẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ ká a. Bí wọ́n bá wá fi sínú ìgò tí wọ́n dé dáadáa, ní ibi tó tutù tó sì gbẹ, yóò ṣì máa hù fún ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà.